Ìrántí Àjàní, Bàbá Ọmọ Tí A Sọ Di Ìyá

Òjò ọdún márùn-ún ti rọ̀ sórí ibi tí ẹ sùn sí ní Amúwò, Bàbá wa. Ọdún 2003 lẹ lọ, 2008 la wà yìí, ó sì ṣì ń dùn wá bí ẹni pé àná ni. Olúgbóyèga Àjàní! Ọmọ onílé tí omi ń ṣe ìloro fún! Ọmọ atukọ̀ tí kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀sà! Àjàní tó máa ń fi ẹnu bínú, tí ọwọ́ rẹ̀ á ti máa fúnni lẹ́bùn! Ilé ń wá yín o.

Ilé kò tú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bọ́lárìnwá ọmọkùnrin yín ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù páìpù yín l'Ágbojú, àwọn oníbàárà yín kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ó ti kan òrùlé òkè ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ní Festac. Páànù pupa ló fi kàn án. A mọ̀ pé ẹ ì bá ti bá a jà. Dorothy ìyàwó yín ṣì ni àkọ́jí, òun náà ló ṣì ń dá orin àdúrà àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Nígbà mìíràn á gbé àwo yín sórí tábìlì, á wò ó, á tún rọra gbé e kúrò. Inúolúwa, ọmọ Yétúndé, ti wọ yunifásítì.

Yétúndé yẹn gan-an la fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lọ́dún yìí, Bàbá wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹ rántí bó ṣe di ìyá. Kaduna lẹ wà nígbà náà, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí wáyà dé láti Amúwò pé ìyá yín ti kú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Dorothy sì bí obìnrin. Kí la fẹ́ sọ ọ́ bí kò ṣe Yétúndé? Ìyá ti padà wá! Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ ọwọ́, ẹ ń sunkún, ẹ ń kì í ní oríkì ìyá yín. Láti ọjọ́ náà, "Ìyá mi" lẹ ń pè é. "Àjàní" lẹ ní kí òun náà máa pè yín, bí ìyá yín ti ń ṣe. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń pariwo "Dádì! Dádì!" bí ẹ bá ti ń wọlé, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìyá yín kì í jẹ ẹ̀wà, Yétúndé kò jẹ ẹ̀wà. Ìyá yín kì í wọ aṣọ pupa, a kò ra pupa fún un rí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fo okùn níta, ẹ ó ní, "Ìyá mi, ẹ wá jókòó, eré ọmọdé nìyẹn." Á wá jókòó. Ọmọ tí kò tíì ká eyín rẹ̀ tán, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bí àgbà, á máa gba ìkíni àwọn tó lè bí i lọ́mọ.

Nítorí èyí ni kò fi sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín. Àwọn àgbà ìdílé ní èèwọ̀ ni, ìyá kan kò gbọdọ̀ fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ti lọ́mọ, wọ́n tì í mọ́ yàrá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin méjì jókòó tì í. Ó gbọ́ nígbà tí mọ́tò ń gbé yín jáde. Ó gbọ́ nígbà tí ariwo ẹkún ń jìnnà. Omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó ṣọ́ ọ ní, "Ẹ ẹ̀ ríran? Ó ń ṣe bí ìyá lóòótọ́."

Àjàní! Ibi tí ẹ sùn sí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ilé yín ní Festac, Yétúndé kò sì débẹ̀ rí. Bó bá ń jáde, á gba Apple Junction yí po, kó má baà kọjá níwájú agbo ilé Amúwò tí ibojì yín wà. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé yìí: kó dé ibojì bàbá rẹ̀, kó sunkún rẹ̀ bí ọmọ. Wọn kò gbà fún un.

Ni ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ọrùn rẹ̀ kò yí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ òsì dì bí ẹni tó di nǹkan mú, kò ṣeé tú. Àwọn dókítà wò ó, wọn ò rí nǹkan kan. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ láàárín wa, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Inúolúwa ló mú un lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Stella. Ẹ mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òkè ní Àfẹ́níù Kejì, tí ìjọba rán ọkọ rẹ̀ lọ sí Íńdíà nígbà kan. Ibẹ̀ ló ti kọ́ yógà bọ̀. Láràárọ̀ Sátidé, á kó àwọn àga pálọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ́ ẹní, àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì á wá máa na apá, wọ́n á máa na ẹsẹ̀, wọ́n á máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń mí.

"Ṣé kì í ṣe òòṣà àwọn ará Íńdíà nìyẹn?" Dorothy bi ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Màmá àgbà, mímí ni wọ́n ń mí," Inúolúwa ní. "Ṣé ẹ̀yin kì í mí ni?"

"Mò ń mí lórúkọ Jésù!"

"Àwọn náà ń gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wò ó."

Nígbà tí Yétúndé débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ tó gan. Ìyá kan tó sanra, tó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí i láti ilẹ̀. "Wọlé, jàre, má bẹ̀rù. Èmi tí o ń wò yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ba, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi kéréènì gbé mi dìde."

"Mummy Inú, ẹ má dá a lóhùn," Àǹtí Stella ní. "Títí di òní, àwa la ṣì ń gbé e. Ẹ wá jókòó síhìn-ín."

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n na ara. Nígbà tó parí, Àǹtí Stella ní kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ gbalaja, kí wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí wọ́n má mira. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ ọ, òkú ni wọ́n ń pe ìdùbúlẹ̀ yẹn. "Gbogbo nǹkan tí wọ́n ti gbé lé yín lórí láti kékeré, ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ta ni mí?"

Yétúndé pajú dé. Ó bi ara rẹ̀ léèrè. "Ìyá," ni ọkàn rẹ̀ sọ, bí ẹ ṣe kọ́ ọ.

"Hòo."

Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn etí rẹ̀ òsì. Ohùn obìnrin àgbà ni, bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn láti òdìkejì omi tó sì ń tiraka kí ìdáhùn rẹ̀ lè dé. "Hòo. Mo ń bọ̀."

Yétúndé dìde jókòó. Gbogbo wọn nà sílẹ̀ bẹẹrẹ, ojú wọn dé, ẹnu wọn là díẹ̀. Kọ́tíìnì kò mì. Oòrùn ràn wọ inú yàrá dáadáa.

"Kí ló dé?" Àǹtí Stella rọra bi í. "Kò sẹ́ni tó pè yín."

"Mo mọ̀ pé wọn ò pè mí," Yétúndé ní. "Ẹnì kan ló dáhùn."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni etí rẹ̀ ti là. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá kúnlẹ̀, tí wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá," á dáhùn. Bó bá ti dáhùn tán, á gbọ́ ìdáhùn kejì lẹ́yìn rẹ̀, rírẹlẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bí Dorothy bá pè é láti yàrá, á dákẹ́ ná, á fẹ́ mọ ta ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ó wá yé e pé kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni pe òun nìkan rí.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ ló dà rú, Bàbá wa. Bọ́lárìnwá gbọ́ ọ. Ó ń tún páìpù ṣe lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan, ó kígbe, "Àǹtí Yétúndé! Ẹ bá mi ti omi òkè o!" Yétúndé dáhùn láti ojú fèrèsé kíṣìnì lókè. Ẹlòmíràn dáhùn láti abẹ́ táńkì omi tó wà lẹ́yìn Bọ́lárìnwá, níbi tí ajá gan-an kò lè dúró sí. "Hòo." Omi tú jáde, ó kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ọmọkùnrin yín kò padà lọ tì í. Láti ìgbà náà, bó bá ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù ló fi ń pè é, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nínú ilé kan náà.

Dorothy ní kó fi yógà sílẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló ti kó o bọ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀, Màmá," Yétúndé ní. "Ó ti wà lára mi tipẹ́. Mi ò dákẹ́ rí ni mi ò ṣe gbọ́ ọ."

Kò fi sílẹ̀, ara rẹ̀ sì ń tú. Ọrùn rẹ̀ kọ́kọ́ yí. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹní, ẹ̀rín ńlá kan tí kò mọ̀ pé òun ní. Àwọn ìyá wò ó, wọ́n bá a rín. Lọ́jọ́ náà Àǹtí Stella bu ẹ̀wà àgànyìn fún gbogbo wọn. Yétúndé wo àwo náà fún ìgbà pípẹ́, ó bù ú jẹ, ó tún gba òmíràn. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀wà?" Dorothy pariwo. "Ìyá ọkọ mi kì í jẹ ẹ̀wà!"

"Màmá, wọn kì í jẹ ẹ́. Èmi ń jẹ ẹ́. Ó dùn!"

Ọwọ́ òsì nìkan ni kò tú. Àǹtí Stella di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ ò sá fún un, ẹ ò sì bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá tún dé, ẹ bi í ní ohun tó ń wá."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Yétúndé dùbúlẹ̀ bí òkú. Ó ń gbọ́ èémí àwọn tó yí i ká, tó ń wọlé tó ń jáde. Nígbà tó yá, ó gbọ́ òmíràn nísàlẹ̀ tirẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹní, tó sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó sọ ọ́ nínú ọkàn: Ìyá, kí lẹ ń wá?

Ohùn náà kò sọ pé òun ń bọ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ ń pè mí. Mi ò tíì lọ, ẹ ti ní mo padà dé."

Yétúndé kò dúró de ìparí. Ó gba Mazamaza lọ bá Àpèkẹ́ àbúrò yín, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tó tọ́jú ìyá yín nígbà àìsàn rẹ̀. Ó bá ìyá arúgbó náà níta, ó ń ṣa ewé ẹ̀fọ́.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀," Àpèkẹ́ ní.

"Àǹtí, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni ìyá yín kú?"

Ewé bọ́ lọ́wọ́ Àpèkẹ́. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

Àpèkẹ́ tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sórí itan. Ó ní lóòótọ́ ni ìyá dákẹ́. Wọ́n gbé etí síbi àyà rẹ̀, kò mí. Òun Àpèkẹ́ ló pa ojú rẹ̀ dé, ni wọ́n bá sáré lọ fi wáyà ránṣẹ́ sí Kaduna. "Kí omi tí a fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ tó gbóná, ó mí! Ó ní ta ló ń dá iná ọ̀sán gangan. Nígbà tí wọ́n fi bí ẹ, ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń bú mi pé kò dùn."

"Wọn ò wá fi wáyà mìíràn ránṣẹ́?"

"A rò pé bàbá ẹ ti wà lọ́nà. Ta ló mọ̀ pé ìyàwó ń rọbí? Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ ní Kaduna, àwa ò mọ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. A óò jókòó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, á ní, 'Hòo! Mo ń bọ̀!' A bi í ta ló ń pè é. Ó ní, 'Àjàní ni. Ó ń kì mí, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, mi ò sì rí i. Ẹ ní kó yé pè mí, ọ̀nà jìn.'"

Àpèkẹ́ kò wo Yétúndé, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ìgbà tí bàbá ẹ dé, ó bá ìyá níjòókòó. Ó ṣubú lulẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, 'O ti pè mí jù, Àjàní. Ó ti rẹ̀ mí.' Kò pẹ́ sí i, ó kú. A fi tipá tú ọwọ́ náà ni. Bàbá ẹ bẹ̀ mí, ó ní, 'Àpèkẹ́, èmi ni mo pè é lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.' Mi ò sọ. Mo rí bó ṣe ń sin ẹ́ bí ìyá, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀."

Bàbá wa! Háà, Bàbá wa! Èyí lẹ dá gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ẹ jókòó láàárín wa, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń bá wa jẹun, èyí sì wà níkùn yín? Ọmọdé ni yín nígbà náà. Ẹ gbọ́ pé ìyá yín kú, ẹ sì sọ ọmọ yín bí gbogbo bàbá ṣe ń sọ ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ọlọ́run tó ni èémí ló gba èémí rẹ̀. Ẹ ì bá sọ fún Dorothy. Òun náà ti sunkún púpọ̀ láti ìgbà tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n Yétúndé kò sunkún ní Mazamaza. Ohun tó ń sọ bó ṣe ń padà bọ̀ sílé ni pé, "A bí mi nígbà tí ó wà láàyè. Èmi kọ́ ni òun. Èmi kọ́ ni òun." Ó wọlé, ó sọ fún wa pé òun ń lọ sí ibojì bàbá òun.

Olórí ẹbí kò gbà. Ó ní orúkọ ti jẹ́ orúkọ, ẹni tó ti di ìyá ti di ìyá, bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n má pe òun. Àpèkẹ́ fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Èmi yìí ló pa ojú ìyá mi dé, ẹ̀ẹ̀mejì! Ìwọ dà níbẹ̀? Àbí wọ́n ti bí ẹ ni?" Ni olórí ẹbí bá mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Sátidé tó kọjá yìí la mú un wá sọ́dọ̀ yín. Kí a tó wọ agbo ilé, Dorothy dá wa dúró. Ó gbàdúrà, ó ní kí Ọlọ́run fún ìyá ọkọ òun nísinmi, ó tọrọ àforíjì pé a kò jẹ́ kó sinmi láti ìgbà náà wá. Ó ní orúkọ kan wà tí ìyá tó bí òun fi ránṣẹ́ nígbà ìsọmọlórúkọ, tí a kò pè rí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó pè é.

"Ọlábùnmí."

"Mà," ó dáhùn.

Gbogbo wa dúró. A tẹ́tí. Adìẹ kan ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ohùn mìíràn.

Ó wá síwájú, ó rí ibi tí ẹ wà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọbìnrin ti ń kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tó pè yín ní "Dádì", ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn obìnrin tó ti lé lógójì. Ohùn ọmọdé ni. Àpèkẹ́ gbá Dorothy mú. Ọmọ yín pè yín, ó ń lu sìmẹ́ńtì, ó ń bá yín jà: ẹ ò jẹ́ kí n fo okùn, Dádì! Ẹ ò gbé mi sórí èjìká rí! Ẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi ń wá ẹni tó máa gbé mi! Gbogbo ẹkún ọdún márùn-ún, àti èyí tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó lọ, ó sun ún.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó sùn lọ síbẹ̀. Kò nà gbalaja bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ara sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti mú gbóná, ọwọ́ rẹ̀ òsì sì ti tú, ó là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́lárìnwá fẹ́ jí i.

"Má pè é o," Àpèkẹ́ ní. "Bó bá jí, ó jí."

A kò pè é. A jókòó yí i ká títí òjìji ilé fi bò wá, a ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Àjàní, ní ọdọọdún ni a máa ń kọ ọ́ sí irú ìwé yìí pé kí ẹ tètè padà wá yà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún yìí a kò kọ ọ́. Ọmọkùnrin tí a bá bí nínú ilé yìí, orúkọ tirẹ̀ la ó sọ ọ́. Ẹ sùn. Ẹ di ọwọ́ ìyá yín mú, kí ẹ jọ sùn. Bí ẹ bá rí i pé ilé yín dákẹ́, ẹ má rò pé a ti gbàgbé. A fẹ́ràn yín ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ, àárò yín ń sọ wá ní àárọ̀ àti ní alẹ́, a sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu wa, Bàbá wa, kí a má baà pè yín.